Ọkọ̀ Tiwa, Àṣẹ Tiwa: Bí Ẹbí Wa Ṣe Ń Palẹ̀mọ́ Ìsinmi Lórí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Bí ènìyàn bá fẹ́ pé ẹni ọdún 60 ní ìlú Oǹdó, gbogbo wa la mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. A ó gba gbọ̀ngàn, a ó yan aṣọ ẹbí, a ó pe olórin, a ó sì se ìrẹsì tí a kò mọ iye ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́jọ́ ìbí yóò wà lórí ibùsùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, àwọn ọmọ yóò sì máa ṣírò gbèsè. Ìyá wa, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nípa ilé alájà àkọ́kọ́ tí ó wà ní Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n òun kò tíì fi ojú kàn án rí. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ọmọ la fi ọkọ̀ ojú omi kún un.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ló di ariyanjiyan láàárín Àkúrẹ́ tí èmi ń gbé àti Oǹdó tí Màmá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé. Ènìyàn 11 ni àwa tí a ń lọ: àgbàlagbà obìnrin méjì, àwa ọmọ mẹ́rin, ìyàwó kan, ọkọ kan, àti ọmọdé mẹ́ta. Nínú gbogbo wa, ẹni méjì péré ló mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ará òkè ni wá. Ojú oko kòkó la mọ̀ ju ojú omi lọ. Ẹ̀gbọ́n Màmá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, béèrè ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí èsì fún lọ́jọ́ náà: “Bí ẹ̀rù bá bà mí láàárín omi, ta ni n ó sọ fún?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lé iwájú ní gbogbo oṣù mẹ́jọ tí a fi ṣètò ìrìnàjò yìí. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò fẹ́ mú ẹbí lọ sórí omi nínú ẹ̀rùn tí ó wọlé yìí.

Kí ni a ń sanwó fún gan-an?

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ní gáréèjì rí mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí a dúró kí èrò kún ọkọ̀ àti kí a ṣátà ọkọ̀. Bákan náà ló rí lórí omi. Nínú ọkọ̀ èrò, atukọ̀ ló ni àkókò, òun ló ń pinnu iye ènìyàn tí yóò kó, òun ló sì mọ ibi tí yóò yà sí. Bí a bá ṣátà ọkọ̀, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti di tiwa. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìjókòó tó gbòòrò ni àwọn ń san owó ṣátà fún. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣẹ ni a ń rà: àṣẹ láti sọ pé “ó yá”, àti ní pàtàkì jù lọ, àṣẹ láti sọ pé “rárá”, “ẹ dúró”, tàbí “ẹ jẹ́ kí a padà”.

Ní Gíríìsì àti Kroatia, níbi tí àwọn arìnrìnàjò ti máa ń háyà ọkọ̀ onígbòkun fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ẹni tí ó bá ní ìwé ẹ̀rí pé òun mọ ọkọ̀ tù lè gba ọkọ̀ nìkan kí ó sì máa tù ú fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in yóò gba atukọ̀ mọ́ ọkọ̀. Fún ẹbí bíi tiwa ní ilẹ̀ yìí, ọ̀nà kejì ni ọ̀nà wa: ọkọ̀ àti atukọ̀ jọ ń bọ̀ ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló sì pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń fi háyà. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń tu ọkọ̀ onígbòkun fún ìgbádùn wà ní Èkó láti 1932, Lagos Yacht Club ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ní Àgbádárìgì, ìgbòkun tí ènìyàn lè rí ni ti àwọn apẹja, èyí tí wọ́n fi àpò rán pọ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ kún bí ikùn aláboyún. A lè wò ó kí inú wa dùn, kí a sì fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé àwọn ọmọ.

Nítorí pé atukọ̀ ló ń bá ọkọ̀ wá, ẹni tí a yàn ṣe pàtàkì ju ọkọ̀ tí a yàn lọ. Ọkọ̀ dáradára kò lè sọ fún ènìyàn pé òjò ń bọ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ Àgbádárìgì?

Àgbádárìgì wà létí ọ̀sà kan tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé, omi yìí ni títì. Àwọn oníṣòwò gbà á, àwọn ọmọ ogun gbà á, àwọn ọba tí a lé kúrò nílùú náà gbà á. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ Èkó lọ́wọ́ Ọba Akítóyè ní 1845, Àgbádárìgì wà lára ibi tí Akítóyè fi ṣe ibi ìsádi kí ó tó padà sórí ìtẹ́ ní 1851.

Ìlú yìí náà ni àwọn oníwàásù Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend gúnlẹ̀ sí ní 1842, tí wọ́n sì wàásù lábẹ́ igi Agíyà. Igi náà dúró títí di 1959 kí ó tó wó. Ilé alájà tí Màmá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ parí ní 1845, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní olónìí. Àjàyí Crowther, ẹni tí a kò lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìtàn kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀, gbé nínú ìlú yìí ní àkókò náà. Fún èmi tí mo ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti jókòó pẹ̀lú kálàmù rẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń sáré kọjá.

Apá kan ìtàn náà wà lódìkejì omi. Àwọn ẹrú tí wọ́n tà ní ọjà Vlekete, àti àwọn tí wọ́n tì mọ́ inú àwọn yàrá tóóró bí irú èyí tí ó wà ní ilé Sẹ̀ríkí Abass, ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu. Láti ibẹ̀, wọ́n rìn lórí iyanrìn lọ bá ọkọ̀ ńlá ní etí òkun. Ibẹ̀ ni a ń pè ní Ibi Àìpadà. Títí di òní, ọkọ̀ ojú omi ni àlejò tí ó bá ti inú ìlú wá máa ń wọ̀ kọjá ọ̀sà náà. Nítorí náà, ọkọ̀ tí a fi kún ìrìnàjò Màmá kì í ṣe fún fàájì nìkan. Ìdajì ìtàn tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ wà lẹ́yìn omi.

Àwọn kan bi wá pé kí ló dé tí a kò fi lọ sí ètí omi tiwa ní Ìlàjẹ, nígbà tí òkun wà ní ìpínlẹ̀ wa. Ìbéèrè náà dára. Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ Holy Apostles tẹ̀ dó ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí pé wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń pín èrè, jẹ́ ibi tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀. Ṣùgbọ́n òkun ti ń jẹ ìlú náà láti bí ogún ọdún ó lé sẹ́yìn. Ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ibojì ti bá omi lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń wó sínú òkun kò yẹ ní ẹni tí a ó lọ máa ya fọ́tò lójú rẹ̀ pẹ̀lú kéèkì ọjọ́ ìbí lọ́wọ́. A ó lọ sí Ayétòrò lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n a kò ní pè é ní ìsinmi.

Ìdánrawò ní Igbókòdá

Síbẹ̀, ará Ìlàjẹ ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù. Nínú oṣù kọkànlá, a mú Màmá gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé Igbókòdá, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń gbéra lọ sí àwọn ìlú orí omi. A fẹ́ kí ó fi ara mọ omi kí ọjọ́ ńlá tó dé. A ṣátà ọkọ̀ kékeré kan fún wákàtí kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tù ú kò lè ju ẹni ọdún 25 lọ. Màmá wọ ẹ̀wù ìléfòó lé bùbá rẹ̀ lórí, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó sì kọjú sí i.

“Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?”

“Màmá, kí n tó mọ ẹsẹ̀ rìn dáadáa ni mo ti mọ̀ ọ́n wẹ̀.”

“Èmi kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ní kí o yí padà, ṣé wàá yí padà?”

“Ẹ ṣáà sọ̀rọ̀, Màmá. N ó yí i.”

A kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkọ̀ ńlá kan fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìgbì rẹ̀ sì gbé tiwa sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ sókè. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Yí i padà.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé kò sí nǹkan kan. Ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù, ó yí imú ọkọ̀, ó sì gbé wa padà sí èbúté. Nígbà tí a dé ibẹ̀, tí a na ọwọ́ sí Màmá kí ó dìde, kò dìde. Ó ń wo omi.

“Ọmọ yìí gbọ́ràn,” ni ó wí. “Ó yá, ẹ jẹ́ kí a tún lọ.”

Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó padà, òun ló sì ń fi ìka tọ́ka sí àwọn ẹyẹ fún wa. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ti tán nínú rẹ̀. Ohun tí ó ti rí ni pé ọ̀rọ̀ òun ní agbára nínú ọkọ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ èsì ìbéèrè Màmá Àgbà. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn láàárín omi, atukọ̀ ni yóò sọ fún. Iṣẹ́ àwa tí a ń ṣètò ni láti rí i pé atukọ̀ tí a gbà jẹ́ ẹni tí yóò gbọ́.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí a lọ?

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Òwe yìí kì í ṣe fún àwọn jagunjagun nìkan. Ó kan ẹni tí ó fẹ́ mú ọmọdé wọ ọkọ̀. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé pẹ̀lú ìjì òjijì. Oṣù kẹfà àti ìkeje ni òjò máa ń pọ̀ jù. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ìjì tún máa ń jà. Nítorí náà, àárín oṣù kọkànlá sí òpin oṣù kejì ló bọ́ sí i jù fún irú ìrìnàjò yìí. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní ni àwa mú: ọdún ti kọjá, èrò ti dín lójú ọ̀nà, ilé ìtura sì ti sọ owó kalẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rùn náà ní ewu tirẹ̀. Ọyẹ́ lè bo ojú omi ní òwúrọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní rí ọkọ̀ mìíràn títí yóò fi dé tòsí. Ní ọ̀sán, atẹ́gùn máa ń fẹ́ láti òkun wá, ó sì máa ń ru ọ̀sà sókè. Nítorí èyí, agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ni a fẹ́ gbéra, nígbà tí kùrukùru bá ti ká, a sì fẹ́ padà gúnlẹ̀ kí agogo kan ọ̀sán tó lù. Ìrìn alẹ́ kò sí nínú ètò wa rárá. Òfin àwọn àjọ ọ̀nà omi pàápàá kò gbà á láyè.

Ẹ tún béèrè nípa ewéko tí ń léfòó, èyí tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò. Láti apá Àjàṣẹ́ ni ó ti wọ omi Àgbádárìgì ní nǹkan bí 1984, ó sì ti tàn káàkiri. Ó lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n bí ó bá lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ yóò dúró láàárín omi. Atukọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ yóò lè sọ fún yín ní ọjọ́ méjì ṣáájú bóyá ọ̀nà ṣí tàbí kò ṣí.

Ohun tí a bi àwọn ọlọ́kọ̀

Àbúrò mi tí ó wà ní FUTA ni a fi iṣẹ́ ìpè lé lọ́wọ́, nítorí pé owó rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Ọlọ́kọ̀ mẹ́ta ni ó bá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a san gbogbo owó ṣáájú, ó sì ní àwọn ọmọdé kò nílò ẹ̀wù ìléfòó, pé kí a kàn dì wọ́n mú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì pe ẹlòmíràn. Àwọn ìbéèrè tí a bi gbogbo wọn nìyí:

Èkíní, ṣé ọkọ̀ náà ní ìwé àṣẹ? Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASWA, tí òfin 2008 dá sílẹ̀, ló ń mójú tó ọ̀nà omi. NIWA, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ló sì ń ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ ní kí ó ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́.

Èkejì, ènìyàn mélòó ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún? Ọmọdé jẹ́ ènìyàn kan, atukọ̀ náà jẹ́ ènìyàn kan. Àwa 11 pẹ̀lú atukọ̀ àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 13. Ọkọ̀ tí a gbà lè gbé 18, a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò ní gbé ẹnikẹ́ni mìíràn kún wa.

Ẹ̀kẹta, ṣé ẹ̀wù ìléfòó wà fún ọmọdé? Àwọn atukọ̀ ń pè é ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ti àgbà kò ṣeé fi wọ ọmọ. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ so gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹ wá di èjìká ẹ̀wù náà mú kí ẹ fà á sókè. Bí ó bá sún dé àgbọ̀n tàbí etí ọmọ náà, ó tóbi jù. Inú omi ni ọmọ yóò ti yọ́ jáde nínú rẹ̀. Àwa ra mẹ́ta fún àwọn ọmọ wa kí ọ̀rọ̀ má baà di àríyànjiyàn ní èbúté.

Ẹ̀kẹrin, ibo ni a ó ti wọ ọkọ̀? Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kò lè fò láti orí iyanrìn. A béèrè èbúté tí ó ní àtẹ̀gùn, a sì pinnu pé ẹnì kan yóò ti wà nínú ọkọ̀ láti gba ọwọ́ Màmá, ẹlòmíràn yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìjókòó àárín àti ti ẹ̀yìn ni a fi sílẹ̀ fún àwọn àgbà, nítorí imú ọkọ̀ ló máa ń fò jù.

Ìkarùn-ún, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́? Èyí ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì ń mú kí ẹbí wọ omi ní ọjọ́ tí kò yẹ, nítorí pé owó ti wọlé. Àdéhùn wa ni pé bí atukọ̀ tàbí àwa bá sọ pé ọjọ́ náà kò dára, ọjọ́ kejì ni a ó lọ láìsí owó lórí rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ lórí WhatsApp: àkókò, ọ̀nà, iye wákàtí tí ọkọ̀ yóò fi dúró dè wá ní Gberefu, àti ẹni tí yóò ra bẹntiróòlù. A san ìdajì owó. Ìdajì yòókù di ìgbà tí a bá padà gúnlẹ̀. A tún kọ orúkọ gbogbo wa sí ìwé kan, a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹbí tí ó kù ní Oǹdó. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, 767 àti 112 ni nọ́ńbà tí a ń pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó ti wà lórí fóònù gbogbo wa.

Owó, àti ọjọ́ tí a pín in sí

Ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn ènìyàn ni pé ọkọ̀ ni yóò jẹ owó wọn tán. Àjọ ni a dá fún oṣù mẹ́jọ, ìṣirò wa sì yà wá lẹ́nu. Nínú 100 náírà tí a dá jọ, 35 lọ sí ilé ìtura, 30 sí ọkọ̀ ilẹ̀ àlọ àti àbọ̀, 17 sí ọkọ̀ ojú omi àti afinimọ̀nà, 10 sí oúnjẹ. A fi 8 pamọ́ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Bí a bá fi gbogbo rẹ̀ wé owó gbọ̀ngàn, ìrẹsì àti olórin, kò tó ìdajì.

Òru mẹ́ta ni a fẹ́ sùn. Ọjọ́ kìn-ín-ní jẹ́ ti ọ̀nà nìkan: láti Àkúrẹ́, a ó yà sí Oǹdó kó àwọn àgbà, a ó gba Ọ̀rẹ̀ àti Ṣàgámù wọ Èkó, kí a tó gba Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì. Ẹ má ṣe so ìrìn ilẹ̀ àti ìrìn omi pọ̀ ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ti rẹ̀ láti ojú ọ̀nà ni kì í ní sùúrù ní èbúté, àìsùúrù sì ni ó ń mú kí ènìyàn wọ ọkọ̀ tí kò yẹ.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ omi. Kò sí ilé ìyàgbẹ́ nínú ọkọ̀, nítorí náà a kò ní lò ju wákàtí kan lọ lórí omi kí a tó sọ̀kalẹ̀. A ó wo àwọn apẹja Ògù lẹ́nu iṣẹ́, a ó sì yà sí Gberefu. Bàtà tí ó rọrùn, fìlà, omi mímu àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá wà nínú àpò tí omi kò lè wọ̀. A ó dé etí òkun, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní wẹ̀ níbẹ̀: ìgbì òkun yẹn lágbára, ó sì ń fa ènìyàn.

Ọjọ́ kẹta wà fún ẹsẹ̀: ilé alájà, ibi tí igi Agíyà wà tẹ́lẹ̀, ilé Sẹ̀ríkí Abass àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó tún wà fún ìdí mìíràn. Bí kùrukùru bá kọ̀ láti ká ní ọjọ́ kejì, a ó kàn yí ètò padà: ẹsẹ̀ yóò ṣáájú, omi yóò tẹ̀lé. Ọjọ́ àfirọ́pò yìí ni ó ń jẹ́ kí ẹnu gbà wá láti sọ pé rárá. Ẹni tí ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo yóò wọ inú omi bí ó ti wù kí ojú ọ̀run rí.

Ní ti Màmá Àgbà, ó ti sọ pé òun kò ní wọ ọkọ̀. A kò bẹ̀ ẹ́, a kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yóò dúró tì í létí ọ̀sà pẹ̀lú àgbọn tútù àti àga méjì. Ìjókòó rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀, bí ó bá yí ọkàn padà. Ètò tí ó dára kì í fi ìtìjú tì ẹnikẹ́ni sínú omi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Bí mo ṣe ń ka ìtàn Gberefu láti múra sílẹ̀, ohun kan kò kúrò lọ́kàn mi. Omi kan náà ni. Àwọn tí wọ́n kó kọjá níbẹ̀ nígbà náà kò yan ọkọ̀, wọn kò yan ọjọ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè sọ fún pé kí ó yí padà. Àwa tí a ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ní ànfààní láti ṣe ìrìn náà pẹ̀lú ẹnu tiwa. Kò yẹ kí a fi ànfààní yẹn tọrẹ nítorí owó díẹ̀ tàbí nítorí ojú tí ń tì wá láti sọ̀rọ̀.

Òfin kan ni a ti gbé kalẹ̀ fún ọkọ̀ wa, atukọ̀ sì ti gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa, àti ọmọ ọdún márùn-ún tí ó kéré jù, lè sọ pé “ẹ jẹ́ kí a padà”. Bí ó bá ti sọ ọ́, a ó padà, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí títí ẹsẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣátà ọkọ̀ fún ẹbí yín nínú ẹ̀rùn yìí, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ pe atukọ̀ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe alágbàtà. Ẹ bi í pé bí a bá ní kí o yí padà, ṣé wàá yí padà? Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ gbọ́ bí yóò ṣe dáhùn. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ pe ẹlòmíràn.